Bí a ṣe ń gbàdúrà nígbà tí iyèméjì bá gba ọkàn: Sáàmù 13 ní ìgbésẹ̀ méje

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà nígbà tí ọkàn wọn bá balẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà ni ọjọ́ tí wọ́n kúnlẹ̀, tí wọ́n la ẹnu, tí wọn ò sì mọ̀ mọ́ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Àwọn kan á dìde, wọn á pa àdúrà tì, wọn á ṣì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ará má baà bi wọ́n léèrè. Àwọn mìíràn á gbé ohùn sókè, wọn á máa kígbe pé "ó ti parí, mo ti gbà á," nígbà tí inú wọn ń sọ fún wọn pé kò tíì sí ohun tó parí. Tó bá yá, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì máa já sí: wọn ò bá Ọlọ́run sọ òótọ́ mọ́.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Sáàmù 13 la ó máa tẹ̀ lé, nítorí pé kò gùn. Ẹsẹ 6 péré ni: ẹsẹ 1 àti 2 jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn, 3 àti 4 jẹ́ ẹ̀bẹ̀, 5 àti 6 jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí sì dúró lé lórí, ni pé iyèméjì tí a bá gbé wá síwájú Ọlọ́run ti di àdúrà. Èyí tí a bá ń fi pamọ́ fún Un ló máa ń jẹ ìgbàgbọ́ run.

Ohun tí ẹ nílò

- Bíbélì oníwèé, irú èyí tí ẹ máa ń kà tó ń yé yín.
- Ìwé àjákọ kan àti bírò. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Ọ̀rọ̀ WhatsApp kan ṣoṣo lè gba gbogbo ọkàn yín lọ.
- Nǹkan bíi wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín.
- Ibi tí ẹ ti lè sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Bí èrò bá pọ̀ nílé, ẹ jókòó sínú mọ́tò tó dúró, tàbí kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ tí kò sí ìsìn.
- Orúkọ ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbésẹ̀ kẹfà la ó ti nílò rẹ̀.

Ẹ tọ́jú ara ná

Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kò sí ìwàásù kankan níbẹ̀. Áńgẹ́lì fún un ní àkàrà àti omi, ó sùn, áńgẹ́lì tún jí i pé kó jẹun sí i. Ẹ̀yìn oúnjẹ àti oorun yẹn, àti ìrìn ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ni Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sùn ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ má tinú ìṣọ́ òru bọ́ sí i. Bí oorun ti kọ̀ yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó bá ń ṣe yín bíi pé kí ẹ kú, ẹ sọ fún dókítà àti ẹnì kan nínú ẹbí lónìí. Ìyẹn ló kọ́kọ́. Sáàmù ò ní sá lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wádìí ohun tí ẹ ń ṣiyèméjì lé lórí gan-an

Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sórí ìwé, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kò dá mi lójú mọ́ pé…" Ẹ má dẹ́kun títí ẹ ó fi kọ èyí tó ń dùn yín jù. "Ìgbàgbọ́ mi ò lágbára" kò tíì tó, ó ti gbòòrò jù. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí kíndìnrín ọkọ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí owó ti ń tán. Ó lè kọ pé: "Kò dá mi lójú mọ́ pé Ọlọ́run rí wa." Ó sì lè kọ pé: "Kò dá mi lójú mọ́ pé ìlérí tí wọ́n ṣe fún wa níbi ìpàdé àdúrà yẹn máa ṣẹ." Gbólóhùn méjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní iyèméjì nípa Ọlọ́run jẹ́ iyèméjì nípa ohun tí ènìyàn kan sọ ní orúkọ Rẹ̀. Ẹ wo Jeremáyà 28. Hananáyà dúró nínú tẹ́ḿpìlì, ó ní láàárín ọdún 2 Olúwa á ṣẹ́ àjàgà ọba Bábílónì, gbogbo ohun èlò ilé Olúwa á sì padà wálé. Ọ̀rọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ ayọ̀. Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣe àmín sí i! Ṣùgbọ́n Olúwa kò rán Hananáyà. Ní orí 29, Jeremáyà kọ lẹ́tà sí àwọn ìgbèkùn: kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, torí pé ọdún 70 ni yóò jẹ́. Ẹsẹ 11 tí gbogbo wa mọ̀ lórí, èyí tó sọ nípa èrò àlàáfíà, ẹsẹ 10 tó dárúkọ 70 ọdún yẹn ló ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ 11 mú Ọlọ́run sí ọdún 2 Hananáyà á rò pé Ọlọ́run ti já òun kulẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ò sì bá a ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi ara yín léèrè: ta ló ṣe ìlérí yìí? Ṣé Ìwé Mímọ́ sọ ọ́ fún gbogbo onígbàgbọ́? Àbí ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi, tó sì tún dá ọjọ́ fún un? Tó bá jẹ́ ẹnì kan ni, ẹ lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ láìjẹ́ kí Ọlọ́run lọ. Ìrora ni, mo mọ̀. Àmọ́ ó sàn ju kí ẹ máa gbé ẹ̀sùn ẹlòmíì wá bá Ọlọ́run.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka gbólóhùn yín sókè. Bí àyà yín bá já tàbí tí omijé bá bọ́, ẹ ti débẹ̀. Bó bá dún bí ohun tí ẹ lè sọ níwájú ìjọ láìsí ìtìjú, ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan sáàmù tó bá ọ̀rọ̀ yín mu

Sáàmù 13 wà fún ẹni tí ìdúró ti sú. Bó bá jẹ́ pé àṣeyọrí àwọn oníwà búburú ló ń dà yín láàmú, Sáàmù 73 ni. Àìsùn òru àti ìbẹ̀rù pé Ọlọ́run ti yí padà, Sáàmù 77. Ẹni tí àwọn ènìyàn ń fi ṣẹ̀sín pé "Ọlọ́run rẹ dà?", Sáàmù 42.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sáàmù 35 tàbí 109. Mo mọ̀ pé àwọn ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ nà sí. Àmọ́ bí ọkàn bá ti rẹ̀wẹ̀sì, wíwá ọ̀tá kiri á tètè gba àyè Ọlọ́run. Ẹ ó parí àdúrà, orúkọ àwọn ará ilé bàbá yín ló máa kù lọ́kàn yín. Sáàmù 13 dárúkọ ọ̀tá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó kọ́kọ́ dojú ọ̀rọ̀ kọ. Bákan náà, kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ bá kà á ló ní agbára. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ kà á tọkàntọkàn tó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tú ẹ̀dùn ọkàn yín jáde (ẹsẹ 1–2)

Ẹ ka ẹsẹ méjèèjì sókè, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ìbéèrè kìíní àti ìkejì jẹ́ nípa Ọlọ́run: ṣé O ti gbàgbé mi ni, ṣé O ti fi ojú pamọ́ fún mi ni? Ìkẹta jẹ́ nípa ọkàn òun fúnra rẹ̀ tó ń ro èrò títí. Ìkẹrin jẹ́ nípa ọ̀tá. Ẹ kọ mẹ́rin tiyín sílẹ̀ ní ọ̀nà yẹn, ọ̀kan nípa ohun tí ẹ rò pé Ọlọ́run ń ṣe, ọ̀kan nípa ohun tí ẹ rò pé kò ṣe, ọ̀kan nípa ohun tó ń lọ nínú yín, ọ̀kan nípa ohun tó wà níta. Ti obìnrin wa lè rí báyìí:

"Olúwa, yóò ti pẹ́ tó tí O máa wò wá lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù yìí? Yóò ti pẹ́ tó tí mo máa pè, tí O ò ní dáhùn? Yóò ti pẹ́ tó tí mo máa ṣírò owó lóru dípò kí n sùn? Yóò ti pẹ́ tó tí àìsàn yìí máa jẹ́ ọ̀gá nínú ilé mi?"

Ẹ wá kà á sókè sí Ọlọ́run.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá padà. Wọ́n ti kọ́ wa pé ahọ́n ní agbára ikú àti ìyè, Òwe 18:21, nítorí náà a rò pé bí a bá sọ ọ́ jáde, a ti fi ẹnu ara wa ba tiwa jẹ́. Ẹ ronú sí i dáadáa. Ohun tí Ọlọ́run bínú sí ní aginjù ni kíkùn: Diutarónómì 1:27 sọ pé inú àgọ́ wọn ni wọ́n ti kùn. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí I, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Rẹ̀ láàárín ara wọn. Dáfídì kọjú sí I. Jóòbù náà kọjú sí I, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó le ju tiyín lọ. Síbẹ̀ ní Jóòbù 42:7, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí, Ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ti ṣe. Hánà sọkún nílé Olúwa títí Élì fi pè é ní ọ̀mùtí, ọkàn rẹ̀ ló ń tú jáde. Ẹ̀bi kankan ò sí lórí rẹ̀.

Ìkùnà kejì ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa wí láàárín gbungbun ẹ̀dùn: "àmọ́ mo mọ̀ pé O dára," "àmọ́ àwọn mìíràn ò rí tó báyìí." Ó máa dé. Ẹ jẹ́ kó dé ní àyè tirẹ̀. Dáfídì ò fi "ṣùgbọ́n" kankan sínú ẹsẹ 1 àti 2.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wo ohun tí ẹ kọ. Ṣé Ọlọ́run ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, tí ẹ ń pè É ní "Ìwọ", tàbí ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa Rẹ̀, "Ọlọ́run ò ṣe báyìí, Ọlọ́run ò ṣe bẹ́ẹ̀"? Gbólóhùn èyíkéyìí tó bá jẹ́ irú kejì, ẹ yí i padà kó dojú kọ Ọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ béèrè ohun pàtó (ẹsẹ 3–4)

Dáfídì ò béèrè ohun púpọ̀. Ó ní kí Ọlọ́run wo òun, kí Ó dá òun lóhùn, kí Ó mú ojú òun mọ́lẹ̀. Ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí òun má baà kú.

Ohun méjì ni kí ẹ béèrè. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà gan-an, ní gbangba, láìfi igbá bò ó. Bí ìwòsàn lẹ ń wá, ẹ sọ ìwòsàn. Jésù fúnra Rẹ̀ ní Gẹtisémánì béèrè pé kí ago náà kọjá kí Ó tó sọ pé ìfẹ́ Baba ni kó ṣẹ, Máàkù 14:36. Àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bí ó bá wù Ọ́" kì í ṣe torí ìrẹ̀lẹ̀ nígbà gbogbo; nígbà mìíràn ẹ̀rù ń bà wọ́n láti béèrè ohun tí wọ́n lè má rí gbà. Èkejì ni okun tó máa gbé yín dé ọ̀la: oorun alẹ́ òní, sùúrù níwájú àwọn ọmọ, owó ìfọ̀jẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ́. Nígbà tí iyèméjì bá ń mú wa, ó máa ń ṣe wá bíi pé kí á ṣe àdéhùn tó ga láti fi fa Ọlọ́run wá sọ́dọ̀. Òótọ́ ni pé Hánà jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó sì san án. Ṣùgbọ́n Jẹ́fútà náà jẹ́ ẹ̀jẹ́, Onídàájọ́ 11, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi jìyà rẹ̀. Oníwàásù 5:5 sọ ọ́ kedere pé kí ènìyàn má jẹ́ ẹ̀jẹ́ sàn ju kí ó jẹ́ ẹ, kí ó má san án. Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ má jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan, pàápàá ẹ̀jẹ́ owó tí ẹ máa yá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ohun tí ẹ béèrè bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ṣé ẹ ó mọ̀? "Kí gbogbo nǹkan dára" ò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ rántí, kí ẹ sì wo bóyá "ṣùgbọ́n" máa dé (ẹsẹ 5–6)

Láàárín ẹsẹ 4 àti 5, kò sí ohun tí a gbọ́ pé ó yí padà. Ọ̀tá ṣì wà, ìdáhùn ò tíì dé, síbẹ̀ Dáfídì sọ pé ṣùgbọ́n òun ti gbẹ́kẹ̀ lé àánú Olúwa. Sáàmù 77 fi ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà débẹ̀ hàn wá: lẹ́yìn ìbéèrè tó wà ní ẹsẹ 7 sí 9, onísáàmù ní òun máa rántí iṣẹ́ Olúwa.

Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí Ọlọ́run ti ṣe, tó dá yín lójú débi tí ẹ lè fi búra lé e. Bí ẹ ò bá rí mẹ́ta, ẹ kọ ọ̀kan. Bí ẹ ò bá rí ọ̀kan nínú ìgbésí ayé tiyín lónìí, ẹ kọ àgbélébùú àti àjíǹde. Ti gbogbo wa ni. Ẹ má kọ "mo ń mí" torí pé ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń darí ìyìn, àfi tó bá ti ọkàn yín wá. Ẹ má sì fi ìdúpẹ́ pa ẹ̀dùn lẹ́nu mọ́. Àwọn méjèèjì ló wà nínú sáàmù kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹsẹ 5 àti 6 sókè, kí ẹ sì dákẹ́.

Bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá dé, bó ti wù kó kéré tó, ẹ sọ ọ́. Bí kò bá dé, ẹ má fipá mú un, ẹ má sì purọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí Sáàmù 88 fi wà nínú Bíbélì: ẹsẹ 18 ni, òkùnkùn ló sì parí sí. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, níbi tí ó ti pe Olúwa ní Ọlọ́run ìgbàlà òun. Ẹ lè dúró síbẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ sì tún lè yá àdúrà bàbá ọmọ tó ní ẹ̀mí àìmọ́ ní Máàkù 9:24, tó fi omijé sọ pé òun gbàgbọ́, kí Olúwa ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Jésù ò ní kó lọ parí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kó tó padà wá. Ó wo ọmọ náà sàn.

Ẹnì kan á béèrè nípa Jákọ́bù 1:6, tó ní kí a béèrè ní ìgbàgbọ́ láìṣiyèméjì. Mo ti rí i tí wọ́n fi ẹsẹ yìí na ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́gba, ó sì ń bí mi nínú. Onínú méjì ni ẹsẹ 8 ń bá wí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín, tó ń bẹ Ọlọ́run lọ́tùn-ún, tó sì ń wá ibòmíràn sá sí lósì. Ẹni tó ń sọkún, tí kò sì jẹ́ kí ọwọ́ Ọlọ́run bọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìbéèrè tó wà níbí kì í ṣe "ṣé ara mi ti yá?" Ẹ béèrè pé: ṣé gbogbo ohun tí mo sọ fún Ọlọ́run lónìí jẹ́ òótọ́? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, àdúrà náà gún.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́

Tọ́másì ò sí níbẹ̀ nígbà tí Jésù kọ́kọ́ fara hàn, ó sì sọ kedere pé òun ò ní gbà á gbọ́ àfi bí òun bá fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó ṣì wà láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn yòókù nínú yàrá kan náà, Jòhánù 20:26. Wọn ò lé e, òun náà ò sì sá. Ibẹ̀ ni Jésù ti bá a.

Ẹ yan ẹni tí kò ní gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí àwùjọ àdúrà kí ilẹ̀ tó ṣú, tí kò sì ní máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ kiri. Ó lè jẹ́ ìyàwó pásítọ̀, ó lè jẹ́ àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ti ṣọ̀fọ̀ rí. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ kàn bá mi ka sáàmù yìí, kí ẹ sì ṣe àmín."

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà tí ìtìjú yín pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹni náà kọ́ ni. Ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ṣe ohun kékeré tó wà níwájú yín

Ìgbẹ́kẹ̀lé ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Ẹ yan iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọ̀la: ẹ pe ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, ẹ padà sí kíláàsì Bíbélì, ẹ gba káàdì ní ọsibítù.

Ìkìlọ̀ tó le jù nínú gbogbo ìwé yìí nìyí: ẹ má ṣe dá oògùn dúró láti fi hàn pé ẹ nígbàgbọ́. Nígbà tí Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé Hesekáyà, wòlíì Aísáyà kan náà tó mú ìlérí wá ló ní kí wọ́n fi ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ oówo rẹ̀, Aísáyà 38:21. Ìlérí àti ìtọ́jú jọ wọ yàrá aláìsàn kan náà. Obìnrin wa gbọ́dọ̀ mú ọkọ rẹ̀ dé ibi ìfọ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dá, yálà ọkàn rẹ̀ gbóná tàbí ó tutù.

Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, torí pé ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀; kíkà àti àtúnṣe ló kù. Ní ọjọ́ keje, ẹ gbé ojú ìwé ti ọjọ́ kìíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn èyíkéyìí tó ti yí padà. Ohun tí a bá dáhùn, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí a ò tíì dáhùn, ẹ tún un kọ sí ojú ìwé tuntun bó ṣe wà, kí ẹ sì ṣí Sáàmù 77 fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.